Ásíìdì Tí Kò Lórúkọ

Bí a bá rọ omi mímu sínú ike kan, tí a sì rọ ásíìdì bátìrì sínú ike kejì tó jọ ọ́, kò sí ojú ènìyàn tó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Omi kò ní àwọ̀. Ásíìdì náà kò ní. Omi kò ní òórùn. Ásíìdì bátìrì náà kò ní òórùn tó lè kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e sẹ́nu. Ìyàtọ̀ wọn kì í hàn àfi nígbà tó bá ti dé ọ̀fun tàbí tó bá ti kan ara, ní àkókò náà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìkìlọ̀. Síbẹ̀, inú ike omi yìí gan-an ni a ti ń ta á ní ìgboro wa. Ẹ lọ sí ẹ̀bá títì níbi tí àwọn rẹwáyà ti ń ṣáájì bátìrì, ẹ ó rí i lábẹ́ bẹ́ńṣì wọn: ike omi, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n ti lò tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀gá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Àlejò kò mọ̀ ọ́n, ọmọ kékeré kò sì mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó bá ní orúkọ, tí gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n mọ orúkọ náà, ohun kan wà tó ń fà á sẹ́yìn nígbà tó bá fẹ́ ṣe àṣejù. Èrò tèmi ni pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ásíìdì rí. Ásíìdì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá wa. Èyí tí kò lórúkọ ni ọ̀tá: èyí tí kò ní orúkọ lára ike, èyí tí ẹni tó tà á kò mọ orúkọ ẹni tó rà á, àti èyí tí ẹni tó ń lò ó kò mọ irú ohun tó jẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta yìí ni ewu ń gbà wọlé tọ̀ wá. Bí a bá dí wọn, ọ̀pọ̀ ẹkún tí a ń sun yóò dáwọ́ dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun àjèjì ni ásíìdì láàárín wa. Kíkan tó wà nínú omíkan ògì, ásíìdì ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ń fún sínú àgbo, ásíìdì ló mú un kan. Àwọn èèrà kan wà tó jẹ́ pé ásíìdì ni wọ́n ń tu sára ọ̀tá wọn. Nínú ikùn olúkúlùkù wa, Ọlọ́run fi hydrochloric acid síbẹ̀ láti máa da oúnjẹ, ó sì fi ohun tó ń yọ̀ bo ara ikùn náà kí ásíìdì má baà jẹ ẹ́. Agbára àti ìwọ̀n ni ó ya ásíìdì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH, èyí tí wọ́n máa ń kà láti 0 dé 14. Omi tí kò ní ohunkóhun nínú wà ní 7. Bí nǹkan bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ láti 7 ni ó ń kan sí i, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó ṣáájú rẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bí 2. Ásíìdì bátìrì kò tó 1. Nínú ásíìdì bátìrì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni sulphuric acid gidi, omi sì ni ìyókù. Èyí tí àwọn oníkẹ́míkà ń tà kí wọ́n tó bu omi là á tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ó lè tó ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí a ti ń bá ásíìdì líle pàdé pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Sulphuric acid ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀, àti nínú àwọn bátìrì ńláńlá olómi tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń gbé ẹ̀rọ ìnfátà ró nítorí iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan. Hydrochloric acid wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì wà nínú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò láti fi bó sìmẹ́ńtì kúrò lára táìlì tuntun. Nitric acid wà lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, tí wọ́n fi ń dán wúrà wò bóyá ojúlówó ni. Formic acid jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ rọ́bà ń lò kí oje igi náà lè dì. Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí a lè ní kí wọ́n pa rẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a lé ásíìdì kúrò ní ìlú kò tíì ronú dé ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí a nílò ni bí a ó ṣe máa bá a gbé láìjẹ́ pé ó pa wá lára.

Ohun tí ásíìdì líle ń ṣe kò ṣeé fojú kéré. Bí a bá da sulphuric acid tí kò lómi lé ṣúgà, kò ní pẹ́ tí ṣúgà náà yóò fi dúdú, tí yóò wú sókè, tí yóò sì di èédú, nítorí pé ásíìdì náà ti fa gbogbo omi tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ohun tó ṣe fún ṣúgà náà ni ó ń ṣe fún aṣọ, fún pákó, àti fún ẹran ara. Bí ó bá kan ojú, ó lè sọ ènìyàn di afọ́jú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì gbé e mu, yóò jó ẹnu, yóò jó ọ̀nà ọ̀fun, yóò sì lu ikùn. Ẹni tí Ọlọ́run bá sì yọ kò tíì bọ́ tán, nítorí pé bí egbò ọ̀nà ọ̀fun náà bá ṣe ń san ni àpá rẹ̀ ń fún ọ̀nà náà pọ̀. Bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, ẹni tó ń jẹ iyán tẹ́lẹ̀ yóò máa fi ògì ra ara rẹ̀ mú, títí tí omi lásán pàápàá yóò fi di ohun tí kò lè gbé mì. Gbogbo èyí lè ti ọ̀dọ̀ ike omi kan ṣoṣo wá, tí ẹnìkan gbé kalẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i lára.

Èyí ni ti àṣìṣe. Ti ọ̀ràn àmọ̀ọ́mọ̀dá tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní ilẹ̀ wa mọ irú ìròyìn yìí bí ẹni mowó: ọkùnrin kan bínú nítorí pé obìnrin kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tàbí obìnrin kan ń jowú orogún rẹ̀, tàbí àwọn méjì ń jà lórí ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì da ásíìdì lu èkejì. Ìròyìn náà yóò sọ ẹni tó ṣe é, yóò sọ ohun tó bí ìjà, yóò sì sọ ọjọ́ tí ẹjọ́ yóò padà wáyé. Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà yọjú nínú rẹ̀, òun ni ó sì yẹ kí ó ṣáájú: níbo ni wọ́n ti ra ásíìdì náà, ta ni ó sì tà á fún wọn?

A kò lè sọ pé kò sí òfin tó ń bá ẹni tó da ásíìdì lu ọmọnìkejì wí. Òfin tó tako ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015, sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ẹni tó bá fi kẹ́míkà tàbí omi aṣèpalára lu ẹlòmíràn yóò ṣe, láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí ojú ti fọ́, tí awọ ara ti bó, ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra SIM lásán láti fi pe ìyá rẹ̀ lórí tẹlifóònù, ìjọba ní kí ó mú nọ́ńbà NIN rẹ̀ wá, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì tẹ ìka. Ẹni tó bá fẹ́ ra ásíìdì, owó nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀bá títì. A kò lè gba SIM láìfi ojú wa hàn, ṣùgbọ́n a lè ra ohun tó ń ba ojú jẹ́ láìsọ orúkọ wa. Irú ìlú wo nìyẹn?

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gba ibi tí a wà yìí kọjá, ìrírí wọn sì lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní ọdún 2002, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 ènìyàn tí wọ́n da ásíìdì lù ní Bangladesh. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba wọn ṣe òfin méjì. Ọ̀kan le koko fún ọ̀daràn; èkejì wà fún ọjà ásíìdì fúnra rẹ̀, ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o wọlé, kó o pamọ́, tà á tàbí lò ó fún òwò láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn tí wọ́n ti fara gbá ọ̀ràn náà kò sì dákẹ́. Wọ́n jáde síta, wọ́n fi ojú wọn han ayé. Láàárín ọdún mẹ́wàá, iye ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti dínkù débi pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ásíìdì kò tán ní Bangladesh. Àwọn bátìrì wọn ń ṣiṣẹ́, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà wọn ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yí padà ni pé ásíìdì ti ní ìjánu.

Ní Íńdíà, Laxmi Agarwal kò ju ọmọ ọdún 15 lọ nígbà tí wọ́n da ásíìdì sí i lójú ní ọdún 2005, nítorí pé ó kọ̀ láti fẹ́ ọkùnrin kan. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ náà pàṣẹ pé ẹni tó bá ń ta ásíìdì gbọ́dọ̀ ní ìwé àkọsílẹ̀ tí yóò máa kọ orúkọ àti àdírẹ́sì oníbàárà sí, kí oníbàárà mú káàdì ìdánimọ̀ wá, kí ó sọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe, kí wọ́n má sì tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé títà bòńkẹ́lẹ́ kò tíì tán lọ́hùn-ún, nítorí pé òfin tí a kò bá bójú tó kò yàtọ̀ sí ẹ̀rù tí a dì kalẹ̀ tí a kò gbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, láti oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni ẹni lásán kò ti lè ra sulphuric acid tó bá ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láìní ìwé àṣẹ. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní ọdún 2019 sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta irú omi bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí láti gbé e kiri ní ìgboro láìní ìdí tó yẹ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní bí ìjọba bá mú ìwé àṣẹ wá, ọ̀nà ìgbàbọ̀dè tuntun ni yóò dà, ọlọ́pàá yóò máa lọ bá rẹwáyà kan tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, yóò ní, "Ìwé rẹ dà?", yóò sì gba owó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀, a ti rí irú rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ilé ni kí ẹ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé òde. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ẹgbẹ́. Àwọn rẹwáyà ní ẹgbẹ́, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní ẹgbẹ́, ọjà kọ̀ọ̀kan sì ní ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà. Ẹgbẹ́ tó lè bu owó ìtanràn lé ẹni tí kò wá sí ìpàdé lè bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá ta ásíìdì nínú ike omi. Ẹgbẹ́ tó ń ka owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́ sínú ìwé lè ní kí wọ́n ka orúkọ àwọn tó ń ra ásíìdì sínú ìwé pẹ̀lú. Kò sí ọlọ́pàá nínú ìyẹn, kò sì sí Àbújá níbẹ̀.

Síbẹ̀, ìjọba ní ipa tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sá fún un. Òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀ kò fi àṣẹ oúnjẹ àti oògùn nìkan lé e lọ́wọ́. Ó fi àṣẹ kẹ́míkà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú, láti orí kíkó wọlé títí dé orí títà àti lílò. Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn alátàpọ̀, irú àwọn tó wà ní ọjà kẹ́míkà Ọ̀jọ́ta ní Èkó. Wọn kò pọ̀ bí àwọn tó wà ní ẹ̀bá títì, a sì mọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí alátàpọ̀ kò bá rọ ásíìdì sínú nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí kẹ́ẹ̀gì tó nípọn, tó ní àwọ̀ kan pàtó, tí àmì ewu wà lára rẹ̀, ọ̀nà ike omi yóò há gidigidi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹwáyà. Kí àmì náà jẹ́ àwòrán, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, nítorí pé ẹni tí kò kàwé náà ní ọ̀fun.

Orúkọ lára ike àti orúkọ nínú ìwé nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀, òun ni ó sì wà ní ìkáwọ́ olúkúlùkù wa lónìí láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá fẹ́ po ásíìdì pọ̀ mọ́ omi, kí ó rántí pé omi ni ẹ̀gbọ́n, ásíìdì sì ni àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ni ó ń kọ́kọ́ wọlé. Omi ni kí ó wà nínú abọ́ ná, kí a tó máa rọra da ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀. Ìdí ni pé bí sulphuric acid bá pàdé omi, ooru ńlá ni ó ń jáde. Bí omi bá pọ̀ nínú abọ́, yóò pín ooru náà mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí a bá da omi díẹ̀ lé ásíìdì lórí, omi náà yóò léfòó nítorí pé ásíìdì wúwo jù ú lọ, yóò hó lójijì, yóò sì ta ásíìdì sí ojú ẹni tó dúró tì í. Ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ó tó di ohun èlò mú. Kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu fa ásíìdì láti inú rọ́bà, bó ti wù kí ọ̀gá rẹ̀ máa kánjú tó.

Bí omi inú bátìrì bá lọ sílẹ̀, omi ni ó lọ, ásíìdì kò lọ. Omi bátìrì tí kò ní iyọ̀ nínú nìkan ni kí a fi kún un. Ẹni tó bá ń fi ásíìdì kún un ń ba bátìrì náà jẹ́, ó sì ń wá ewu fún ara rẹ̀. Bí bátìrì bá ń gba iná, gáàsì hydrogen ń jáde láti inú rẹ̀, ìṣáná kan ṣoṣo sì lè mú kí ó bú gbàmù. Nítorí náà, kò sí sìgá nítòsí rẹ̀, kò sí iná àbẹ́là, a kò sì gbọdọ̀ fi bátìrì ìnfátà olómi sínú yàrá tí a ń sùn, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Kí a pa ẹ̀rọ tó ń fún un níná kí a tó yọ wáyà kúrò lórí rẹ̀. Bátìrì tó ti kú, kí a má da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà tàbí sínú ọgbà, nítorí pé òjé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ásíìdì, oró òjé kì í sì í tán nínú ilẹ̀. Kí a dá a padà lódidi fún àwọn tó ń rà á.

Nínú ilé, èyí tó pa àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ lára jù ni pípo nǹkan pọ̀. Ẹnìkan yóò da ọṣẹ olómi tó ní ásíìdì sínú ṣáláńgá, yóò wò ó pé kò tíì mọ́ tó, yóò sì da Hypo tàbí Jik lé e lórí kí ó lè funfun báláú. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ni gáàsì chlorine. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ sórí àwọn ọ̀tá wọn ní ìtòsí Ypres ní Belgium, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ohun tí wọ́n fi ja ogun kò yẹ ní balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò fẹ̀ ju ọwọ́ méjì lọ. Ọ̀kan ni kí a lò. Bí ẹni tó ti po wọ́n pọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kí ó jáde síta kíákíá sínú afẹ́fẹ́, kí ó má dúró láti fọ ibẹ̀ tán.

Bí aburú bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Àwọn Yorùbá ní omi kò lọ́tàá, ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ. Kí omi má kọ́kọ́ kan ásíìdì nígbà tí a ń pò ó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ásíìdì bá ti kan ara ènìyàn, omi púpọ̀ tó mọ́ ni oògùn rẹ̀, kí a sì máa dà á lé ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi nítòsí, kí a ra odidi àpò píọ̀ wọ́tà, kí a máa ya á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a bọ́ aṣọ àti ẹ̀gbà tí ásíìdì ti kàn, kí a fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ náà dípò kí a fà á gba orí. Bí ó bá jẹ́ ojú, kí a la ojú náà sílẹ̀, kí a tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ tó fara pa kí omi má baà ṣàn sínú ojú kejì. Ẹyin tútù kò sí níbẹ̀, epo pupa kò sí níbẹ̀, ọṣẹ ìfọyín, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò sí níbẹ̀. Gbogbo wọn ń fi àkókò tí omi ìbá fi ṣiṣẹ́ ṣòfò ni.

Bí ẹnìkan bá gbé e mì, kí a má ṣe fipá mú un bì, nítorí pé ohun tó jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ yóò tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀. Kí a má ṣe fún un ní epo pupa mu bí a ti ń ṣe fún ẹni tó jẹ májèlé. Kí a fi omi yọ ẹnu rẹ̀, kí ó tú u dànù, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró. Ní Èkó, a lè pe 767 tàbí 112. Kí a mú ike tí ó ti mu ún dání lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà yóò béèrè ni pé, "Kí ni ó mu?" Bí orúkọ bá wà lára ike náà, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Bí kò bá sí, àfi kí wọ́n máa méfò nígbà tí ọ̀fun ń jó.

Ìjọba lè pẹ́ kí ó tó gbọ́, ẹgbẹ́ sì lè ṣe ìpàdé mẹ́ta kí wọ́n tó fẹnu kò. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán kò ní láti dúró dè wọ́n. Kí ó dìde, kí ó wo abẹ́ bẹ́ńṣì rẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ rẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ bátìrì ìnfátà rẹ̀. Bí ó bá rí ike kan níbẹ̀ tí kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ó gbé e jìnnà sí ọwọ́ ọmọdé, kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ó bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí kì í sì í ṣe omi, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà lónìí, kí ó sì wá kẹ́ẹ̀gì tó tọ́ sí i lọ́la. Bírò kan àti bébà pélébé kan ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.